Àwọn Ṣẹ́ẹ̀tì Tó Ti Mọ́ Kí Wọ́n Tó Dé

Ọkùnrin alágbàfọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Rédíò. Kì í ta rédíò, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Èyí tó wà lórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì wá ẹni tí yóò bá a tún un ṣe, torí òun fúnra rẹ̀ kò fún un láyè rí láti sọ̀rọ̀. Bí o bá gbé ṣòkòtò kan lọ fún un pé kó bá ọ fọ̀ ọ́, wàá gbọ́ nípa eékún rẹ̀ tó ń dùn ún, wàá gbọ́ nípa òjò tó fẹ́ rọ̀ tí kò rọ̀, wàá sì gbọ́ ìdí tí àwọn tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ lóde òní fi jẹ́ ọ̀lẹ, kó tó di pé ó fún ọ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó bá ń kánjú máa ń rán ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí wọ́n rán náà kì í tètè padà.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé lẹ́nu rẹ̀. Tí aṣọ bá dé, á kọ́kọ́ tú gbogbo àpò rẹ̀ síta, á gbé kọ́là rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, á gbóòórùn abíyá rẹ̀ láìtijú, lẹ́yìn náà á kọ ohun tó rí sínú ìwé gígùn kan tó so mọ́ káńtà pẹ̀lú okùn. “Kọ́là dọ̀tí gan-an. Bọ́tìnnì kẹta fẹ́ já. Epo mọ́tò ní orúnkún, má fi omi gbígbóná kàn án.” Yàtọ̀ sí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù, ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan ló máa ń kọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ni aṣọ, ẹnu ló fi ń sọ ìyẹn.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan kò lọ déédéé. Ọmọ náà ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sí ẹ̀yìn káńtà, ó ń ka iye ìgbà tí fóònù ṣọ́ọ̀bù dún tí bàbá rẹ̀ kò gbé e. Ó jẹ́ ìgbà mọ́kànlá, eékún nìkan ni bàbá sì ń ròyìn fún oníbàárà kan láti ìgbà tí èkíní ti dún.

Ó ní, “Dàádì, ẹ ń lé àwọn oníbàárà lọ.”

“Èmi? Èmi tí mo fẹ́ràn wọn tó báyìí?”

“Ẹ fẹ́ràn wọn, sà. Ẹ kàn kì í dá wọn lóhùn ni.”

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti fi ọgbọ́n àtọwọ́dá sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ náà ni yóò máa sọ fún àwọn ènìyàn pé aṣọ wọn ti ṣe tán, òun ni yóò máa dáhùn ìbéèrè wọn, òun náà ni yóò sì máa gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe lè tọ́jú aṣọ wọn. Kó lè mọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé gígùn yẹn, ti ọdún mẹ́ta gbáko, ó sì fi fún un kà. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó bi bàbá rẹ̀ léèrè bóyá nǹkan kan wà nínú ìwé náà tí kò yẹ kí ẹ̀rọ rí.

Rédíò fajú ro. “Kí ló lè wà nínú ìwé alágbàfọ̀? Ìdọ̀tí nìkan ló wà níbẹ̀.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni Rédíò fi bá ẹ̀rọ náà ṣọ̀tá. Ó ń wo fóònù náà bí ẹni wo àlejò tó kọjá àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó kọ̀wé sí i láti dán an wò, ó ní eékún ń dun òun. Ẹ̀rọ náà bá a kẹ́dùn, ó sì béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, láti ọdún mẹ́fà tí ọkùnrin yìí ti ń ròyìn eékún, kò sí ẹnì kan láyé tó béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò mọ ìgbà tó jókòó. Wákàtí kan gbáko ló fi dáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni òun àti fóònù ti di kòríkòsùn. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò ní káńtà, ó gbé e lọ sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì tó ti ń lọ aṣọ, ibẹ̀ ni òun àti ẹ̀rọ ti ń fọ̀rọ̀ jomitoro ọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọn á ju aṣọ wọn sínú apẹ̀rẹ̀, wọn á jáde, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì bá wọn lójú ọ̀nà. Aṣọ ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó máa ń rán ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀ ti ń fẹsẹ̀ ara wọn wá. Kí ni ẹnì kan tún fẹ́?

Ẹnì kan wà tó fẹ́ nǹkan mìíràn. Ìyá olùkọ́ kan ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin mẹ́fà ló máa ń gbé wá, alápá gígùn, mẹ́rin funfun, méjì aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ọkọ rẹ̀ ló ni wọ́n. Láyé ọjọ́un, àmì yíǹkì máa ń wà lẹ́bàá àpò àyà wọn, torí pé akọ̀wé ni ọkùnrin náà, kì í sì rántí dé pẹ́ẹ̀nì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà kú. Rédíò gbọ́ ìròyìn náà lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì rò pé kò sí ìdí tí ìyá náà yóò fi tún wá mọ́. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, ìyá náà wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà.

Kò sí yíǹkì. Kọ́là mọ́ tónítóní. Ìlà tí Rédíò fúnra rẹ̀ fi irin lọ̀ sí apá wọn lóṣù tó kọjá ṣì wà níbẹ̀. Àánú ìyá náà ṣe é, ó sì ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù: ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò. Ó sọ ti òjò, ó sọ ti bọ́tìnnì, ó sọ gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, àfi ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tí ìyá náà lọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, “Mẹ́fà. Ó mọ́ tẹ́lẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lóṣù kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún oṣù mẹ́rìnlá. Ọṣẹ díẹ̀ báyìí ló fi máa ń fọ̀ wọ́n, kí wọ́n má baà gbó.

Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀rọ tó ti ka ìwé yìí tinútẹ̀yìn kọ̀wé sí ìyá olùkọ́ láti fún un nímọ̀ràn. “Ẹ kú déédéé ìwòyí o, mà. A ṣàkíyèsí pé ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tí ẹ máa ń gbé wá ti mọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa ní ìgbà mẹ́rìnlá. Tí a bá ń fọ aṣọ tó mọ́ léraléra, ó máa ń tètè gbó. Bí kò bá sí ẹni tó ń wọ̀ wọ́n mọ́, ẹ lè kó wọn sínú àpótí. Kò pọn dandan kí ẹ máa gbé wọn wá. A dúpẹ́ o.”

Ọjọ́bọ̀ dé, ìyá náà kò wá. Rédíò kò tilẹ̀ fura, ọ̀rọ̀ òun àti fóònù ti wọra jù. Oṣù kejì ló tó sọ sí i lọ́kàn. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó padà wọlé, ó bi ẹ̀rọ léèrè bóyá ó gbúròó ìyá olùkọ́. Ẹ̀rọ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Ó gbé àtẹ̀jíṣẹ́ náà jáde fún un bó ṣe wà.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ojú tì í bí ẹni pé òun ló dúró níwájú ìyá náà tó sọ ọ́. Ó kọ̀wé sí ẹ̀rọ pé, “Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ta ló sọ fún ọ?” Ẹ̀rọ náà bẹ̀ ẹ́, ó sì fi fọ́tò ojú ìwé hàn án. Ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀ ni, tó máa ń dà sápá ọ̀tún: mẹ́fà, ó mọ́ tẹ́lẹ̀. Mẹ́fà, ó mọ́ tẹ́lẹ̀. Bó ti fẹ́ bínú tó, kò rí ẹni tí yóò bínú sí.

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn tó gbọ́ ọ tán, ọmọ náà ní, “Dàádì, mo bi yín léèrè o.”

“O bi mí.”

“Ẹ jẹ́ kí n ní kí ẹ̀rọ náà kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí wọn. Ó mọ̀ ọ́n kọ dáadáa.”

“Rárá. Èmi ni màá lọ.”

Ibẹ̀ ló ti rí i pé òun kò mọ ilé ìyá náà. Oníbàárà ogún ọdún, ó mọ ìwọ̀n ọrùn ọkọ rẹ̀, kò mọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Ó tún ní láti bẹ ẹ̀rọ pé kó fi nọ́ńbà fóònù ìyá náà wá àdírẹ́sì bá òun. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ọ̀hún ló júwe ọ̀nà, ó tiẹ̀ tún kìlọ̀ fún un pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀, kó rọra nítorí eékún.

Òkè kejì ni, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Gbogbo ọ̀nà ni Rédíò ti ń to ọ̀rọ̀ jọ. Nígbà tí ìyá náà ṣílẹ̀kùn, ó kí i, ó jókòó sí etí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀: ó ní ẹ̀rọ ni, ó ní ọmọ òun ni, ó ní òun kò mọ̀ rárá, ó ní ṣé wọ́n rí bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ó ti ń bọ́ sí ti òjò nígbà tí ìyá náà gbé ọwọ́ sókè bó ṣe máa ń gbé e fún kíláàsì tó bá ń pariwo.

“Ẹ dákẹ́ ná.”

Rédíò sún sẹ́yìn lórí àga.

“Ẹ̀rọ yẹn ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ mí.” Ohùn rẹ̀ kò le. “Oṣù mẹ́rìnlá. Ẹ mọ̀ pé ó ti kú. Ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó ń wọ aṣọ yẹn. Ẹ sọ ti eékún fún mi, ẹ sọ ti bọ́tìnnì, ẹ ò bi mí ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ tí ò mọ̀ mí rí ló wá sọ fún mi pé òun rí i.”

“Mà, mo rò pé tí mo bá dákẹ́ lórí ẹ̀, á sàn fún yín.”

“Ẹ̀yin, ẹ dákẹ́?” Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. “Kí lẹ rò pé mo ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ wá fún? Mi ò ya wèrè. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ wa ló ń sá fún orúkọ ẹ̀ tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní alágbàfọ̀ yìí, ẹnu ẹ̀ ò lè gba ọ̀rọ̀ dúró, ọjọ́ kan á jọ́kan, á bi mí pé ta ló ni ín.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, Rédíò wá ọ̀rọ̀ tì. Ó dùn ún wọra, torí òótọ́ ni. Gbogbo òjò tó ti ń sọ láti oṣù mẹ́rìnlá, nítorí àyà ara rẹ̀ tó ń já ló ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tó yá, ó ní, “Mà, ta ló ni àwọn ṣẹ́ẹ̀tì yẹn?”

Ìyá náà kọjú sí fèrèsé. Ó ní ọkùnrin kan ni tí kò lè súfèé, tó sì máa ń súfèé ní gbogbo òwúrọ̀. Ó ní ibi tí wọ́n ti pàdé ni ibi tí wọ́n ti ń to ìlà gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọkùnrin náà sì fún un ní àyè tirẹ̀ níwájú, kò mọ̀ pé fọ́ọ̀mù ti fẹ́ tán. Fóònù Rédíò ń gbọ̀n nínú àpò rẹ̀.

“Ẹ gbé e. Ó lè jẹ́ oníbàárà.”

“Ẹ̀rọ á dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ṣé wọ́n padà rí fọ́ọ̀mù tiwọn gbà?”

“Níbo? Ọdún kan gbáko ló fi dúró, ó sì ń fi ẹ̀sùn ẹ̀ kàn mí títí tó fi kú.”

Ó sọ ọ́ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ó sunkún níbì kan, ó rẹ́rìn-ín níbi mẹ́ta. Nígbà tí Rédíò dìde, ìyá náà sìn ín dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó ní òun máa wá lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní gbé aṣọ kankan dání. Rédíò ní àga òun á ti padà sí ìdí káńtà kí wọ́n tó dé.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè ohun tó sọ fún ìyá olùkọ́ láti ọ̀sán tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan, pé òun kàn jókòó gbọ́ tiwọn ni. Obìnrin náà wò ó títí, ó rọra gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọrùn rẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ibà ni.