Bàbá Sàlámì àti Eyín Tí Kò Jò

Bí o bá dárúkọ olóògbé Bàbá Sàlámì, ẹni tó ń dí páánù òrùlé tó ń jò ní Igbó-Ọrà, ìtàn àga ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún ọ. Lọ́jọ́ kan, Nọ́ọ̀sì Keturah, tó ń tọ́jú eyín ní ilé ìwòsàn ìlú, gbé àga rẹ̀ wá sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti fi oògùn kan bo eyín àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ tò. Nígbà tó gbójú sókè pé kí ẹni tó kàn máa bọ̀, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ló rí, ọ̀dà lára ẹ̀wù, àkàbà léjìká, tó dúró síwájú Táíwò àti Kẹ́hìndé, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Bàbá, àwọn ọmọdé la wá ṣe é fún."

"Mo gbọ́. Ohun tó bá máa wọ ẹnu àwọn wọ̀nyí, ẹnu tèmi ló máa kọ́kọ́ wọ̀."

Ó gbé àkàbà ti ògiri, ó jókòó sórí àga kékeré náà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó sì la ẹnu. Eyín ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Ó ya Keturah lẹ́nu pé eyín náà le dáadáa, kò sí ihò kankan lára rẹ̀.

"Ṣé ó ń jò ni?" Bàbá bi í.

"Kò jò, Bàbá."

"Kí wá lo fẹ́ dí?"

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Láti ogójì ọdún tó ti ń gun òrùlé kiri Ìbàràpá, títí dé Tápà àti Ayétẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é rí sí òrùlé tó gbẹ. Keturah fi dígí kékeré hàn án pé orí eyín ẹ̀yìn kì í dán, ó ní kòtò tín-ín-tìn-ìn-tín tí oúnjẹ ń sá pamọ́ sí, tí búrọ́ọ̀ṣì kì í dé. Bàbá ronú. "Bí ojú ìṣó lára páánù," ló wí. "Ibẹ̀ lòjò ń gbà wọlé." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó lọ kun ọ̀dà sórí òrùlé ẹni mẹ́ta tí kò pè é.

Keturah fọ eyín náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. "Ó gbọ́dọ̀ gbẹ, Bàbá. Bí itọ́ bá kàn án, kò ní lẹ̀."

Inú Bàbá dùn. "Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn, pé bí páánù bá tutù..."

Itọ́ kàn án. Keturah tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá gbìyànjú láti parí ọ̀rọ̀ páánù tútù náà. Nígbà tó fi oògùn náà sí i tán, tó ku kó tan iná aláwọ̀ búlúù sí i kó lè le, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di àgbọ̀n bàbá náà mú.

Ìgbà tó kan àwọn ìbejì ni ìṣòro dé. Eyín ẹ̀yìn Táíwò ti yọ tán. Ti Kẹ́hìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni, a kò sì lè bo eyín tí kò tíì yọ.

"Ó yá, ká dúró," ni Bàbá wí. "Ohun tá a bá ṣe fún ọ̀kan là ń ṣe fún èkejì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Keturah bẹ̀ ẹ́, ìyá àwọn ọmọ náà, Làtíífàt, bẹ̀ ẹ́. Bàbá gbé àkàbà rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ lọ.

Láràárọ̀ ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó ń tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu Kẹ́hìndé. Bó bá di ọjọ́ Àlàmísì, á gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn láti jábọ̀ fún Keturah. "Ó ti yọ díẹ̀ sí i." Keturah á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Eyín Táíwò ló ń rò. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ó ní kí Bàbá mú àwọn ọmọ náà wá. Ó yẹ Táíwò lẹ́nu wò, ó rí i pé àwọ̀ kòtò kan ti ń dúdú.

"Kò tíì di ihò," ló sọ fún un. "Bí a bá dúró, á di ihò."

Bàbá wo ilẹ̀. Keturah gbé dígí rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó tì í.

"Bàbá, nínú àwọn ọmọ yìí, ta ló kọ́kọ́ dé ayé?"

"Táíwò ni."

"Ta ló rán an?"

"Kẹ́hìndé ni. Òun ni ẹ̀gbọ́n. Ó ní kó lọ tọ́ ayé wò fóun."

"Ẹ jẹ́ kó tún rán an lónìí, Bàbá."

Bàbá wò ó. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Kẹ́hìndé, ó sì bi í bí ẹni ń bi àgbàlagbà, "Ṣé o rán an?"

Kẹ́hìndé ronú. "Mo rán an. Kó má sọ̀rọ̀ bíi tiyín o."

Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n bo ti Táíwò. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bo ti Kẹ́hìndé.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ Bàbá Sàlámì tí gbogbo ìlú mọ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ ọdún bá ti rọ̀, á padà lọ wo gbogbo òrùlé tó ti dí, kò ní dúró kí wọ́n pè é. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí òjò ṣe dá, ó kó àwọn ìbejì dé ọ̀dọ̀ Keturah. "Wò ó fún mi, ṣé kò jò?"

Inú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Bàbá kú, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, Keturah dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ń wo ojú títì. Kò sẹ́ni tó wá. Àárò bàbá náà sọ ọ́ gan-an. Ó mú dígí kékeré rẹ̀, ó dá ọ̀kadà dúró.

Làtíífàt ń gbá omi kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé Bàbá nígbà tó dé. "Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹnì kan ló pè yín ni?"

"Rárá o. Òjò ti rọ̀."

Làtíífàt yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ìbejì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì bàbá àgbà wọn, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà láàárín wọn, wọ́n sì ti la ẹnu sílẹ̀. Keturah kúnlẹ̀ síwájú wọn lórí ilẹ̀ tútù, ó tan tọ́ọ̀ṣì náà, ó fara balẹ̀ wo ti Táíwò, ó wo ti Kẹ́hìndé.

"Kò jò," ló wí.