Ẹ̀ka Máńgòrò Tútù

Títí di òní, tí mo bá rí ẹ̀ka máńgòrò tútù, inú máa ń bí mi.

Òun ni bàbá mi fi ń ro alumíníọ̀mù tó bá ti yọ́ lórí iná, ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Owódé Onírin. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: igi gbọ́dọ̀ tutù, kó má baà tètè jóná. Púlì ẹ̀rọ ìlọta, èyí tí bẹ́líìtì máa ń yí, ló ń dà. Ṣùgbọ́n omi ara igi yẹn ń di afẹ́fẹ́ nínú irin gbígbóná, afẹ́fẹ́ náà sì ń dá ihò wẹ́wẹ́ sínú púlì bí inú búrẹ́dì. Púlì ń fọ́, oníbàárà ń sá.

Èmi tí mo kàwé nípa irin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ta ló máa sọ fún bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ogójì ọdún kò dáa? Dípò kí n sọ̀rọ̀, mo ra ẹ̀rọ àlòkù kan tí wọ́n fi ń lẹ ike pọ̀, mo fi oṣù mẹ́fà tún un ṣe. Ọ̀pá rẹ̀ ń gbọ̀n kíákíá débi pé etí ènìyàn ò gbọ́ ìró rẹ̀. Tí a bá ki ọ̀pá náà bọ inú alumíníọ̀mù yíyọ́, á lé afẹ́fẹ́ jáde, irin náà á sì dì ní hóró kéékèèké tó fún mọ́ra. Bàbá mi tẹ́tí sí i títí.

"Ẹ̀rọ tí ò pariwo, kí ló ń ṣe?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Alhája kan tó ní ẹ̀rọ ìlọta ní Mile 12 wá bá wa. Púlì wa ti fọ́ nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì ya ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ lápá.

"Bàbá, tí eléyìí bá tún ní ihò, ó tán láàárín wa nìyẹn o."

Nígbà tí alumíníọ̀mù púlì tuntun rẹ̀ yọ́, mo ki ọ̀pá ẹ̀rọ mi bọ inú rẹ̀ títí àkókò fi pé. Mo fi ṣíbí bu díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó dì, kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kọ̀yìn kí n pa ẹ̀rọ. Kí n tó yíjú padà, bàbá mi ti ki igi máńgòrò bọ inú ìkòkò, ó ń rò ó lọ.

"Daddy! Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mo ń bá ẹ parí ẹ̀ ni."

Ó dà á. Nígbà tó tutù, a fi ayùn là á sí méjì. Ihò ni. Alhája wò ó, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Inú bí mi débi pé mo pariwo lé bàbá mi lórí lójú gbogbo àwọn ará ìlà ṣọ́ọ̀bù wa. "Igi yín ló ń bà á jẹ́! Àtọjọ́ yìí, igi yín ni!" Mo la èyí tí mo fi ṣíbí bù. Kò ní ihò kankan. Mo kó méjèèjì lé e lọ́wọ́.

Ó yẹ̀ wọ́n wò.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé igi ni?"

"Kí n tó ra ẹ̀rọ, sà."

"Kí apá ọmọ ọlọ́mọ tó ya?"

Bàbá mi ṣẹ́ igi máńgòrò náà, ó jù ú sínú iná. Kò jó bọ̀rọ̀. Èéfín rẹ̀ ló ń rú sí àwa méjèèjì lójú.