Aṣọ Pupa Lápá Làmídì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lójú ọ̀nà Ìlarò sí Pápálantó, fèrè ọkọ̀ ń ké kíkankíkan. Wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ṣeé gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan na ọwọ́ sókè níwájú wa. Ọlọ́kadà kan pariwo mọ́ ọn pé, "Ọ̀nà ṣófo, jẹ́ ká lọ jàre!" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ẹni tó so aṣọ pupa kò tíì dé láti òdìkejì." Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Pólì kan tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ní, "Màmá, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un nìyí.

Nígbà èwe mi, ọkọ̀ ojú irin ń wọ Ìlarò. Ẹ̀yìn tésàn ni ilé wa, èéfín rẹ̀ kì í jẹ́ kí aṣọ funfun tí ìyá mi bá sá funfun dalẹ́. Òpó gíga kan wà lẹ́bàá irin tó ní apá bíi ti ènìyàn. Bí apá náà bá sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ lè lọ. Bí ó bá nà gbọnrangandan, kó dúró ni. Mo máa ń kí òpó náà bí mo bá ń lọ síléèwé.

Ìjì wá jà lóru ọjọ́ kan. Ilẹ̀ mọ́, apá òpó ń mì dirodiro, igi sì ti wó lu wáyà tí àwọn tésàn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ dé Abẹ́òkúta, nítorí àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìdánwò ìwọlé sílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bàbá wa sì ti ní bí tọdún yẹn bá bọ́, ó di ilé ọkọ.

Bàbá Tésàn, ọ̀gá ibẹ̀, kò jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra, torí irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń gbà.

"Bàbá Tésàn, ṣé ẹ ò rí i pé ojú irin ṣófo ni?" Ìyá mi ló ń bẹ̀ ẹ́.

"Mo rí i dé ibi tó ti yà yẹn, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ojú mi ò dé Pápálantó."

"Ẹ bá wọn ra awò ojú!" Ẹnìkan kígbe láàárín èrò. Bàbá Tésàn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Ó so aṣọ pupa mọ́ Làmídì, òṣìṣẹ́ rẹ̀, lápá, ó fún un ní lẹ́tà, ó ní kó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Pápálantó: kí wọ́n má jẹ́ kí ọkọ̀ kankan kọjú sí wa, àfi èyí tí Làmídì fúnra rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú Àbẹ̀kẹ́ jókòó sórí àga tirẹ̀, ó ní kó máa ka ìwé rẹ̀.

Mo bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tó jẹ́ Làmídì?"

"Nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Kò lè wà nínú ọkọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà."

Ọ̀sán ti pọ́n kọjá nígbà tí Làmídì padà, òógùn bò ó. "Kò sí nǹkan kan lọ́nà o!"

"Ṣé a ò wí?" ni èrò ń ké.

"Ẹ wí i," ni Bàbá Tésàn dáhùn. "Ṣùgbọ́n ní báyìí, a mọ̀."

Làmídì gun iwájú ọkọ̀, ó gbé àyà bí ọkọ ìyàwó. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí Àbẹ̀kẹ́ tó dé Abẹ́òkúta, àmọ́ ó dé. Ó ṣe ìdánwò náà, ó wọlé, ó sì kọ́ ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Koríko ti bo irin yẹn báyìí. Mi ò mọ ibi tí òpó mi wọlẹ̀ sí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀kadà kan yọ nínú eruku níwájú wa, aṣọ pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lápá ẹni tó gùn ún. Fèrè dákẹ́. Ọmọ Pólì na ọrùn, ó ní, "Màmá, Làmídì dé."