Wọ́n Fa Ẹni Tó Wà Lápá Òsì Jáde

Òórùn ìda tí a fi ń dán ara ọkọ̀ ni mo fi ń mọ̀ láyé ìgbà yẹn pé ọjọ́ Àìkú ti pé ní Pópó Àgùdà. Ó máa ń ta sí ni nímú bí àdí tí wọ́n bu bẹntiróòlù díẹ̀ sí, á sì dàpọ̀ mọ́ òórùn ẹja tí àwọn ará ilé ń dín fún oúnjẹ ọ̀sán. Lábẹ́ àwọn ilé alájà àtijọ́ yẹn, ọkọ̀ méje a tò sẹ́yìn ara wọn, àwa ọkùnrin tó yẹ ká wà nílé lọ́dọ̀ ìyàwó á sì máa fi àkísà nu irin bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Ọkọ̀ ni a pe ara wa. Àwọn ìyàwó wa ní Ẹgbẹ́ Aláìníṣẹ́ ni.

Tèmi ló dàgbà jù nínú ọkọ̀ méjèèje. Ọkọ̀ dúdú kan ni, mo rà á lọ́wọ́ akọ̀wé àgbà kan tó fẹ̀yìn tì, sítíàrì rẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún bí ti gbogbo ọkọ̀ àtijọ́. O rántí pé ìgbà náà ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì títì sílẹ̀, kó bọ́ sápá ọ̀tún. Kò tí ì pé ọdún kan. Àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń ti èbúté wọlé, apá òsì ni awakọ̀ wọn ń jókòó sí, ó sì ti ń mọ́ gbogbo Èkó lára pé ẹni tó bá wà lápá òsì ló ń wa ọkọ̀. Àwa tí a ṣì ń wa ọkọ̀ àtijọ́ dà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kí àgbà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga ọmọdé ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹni tó máa ń bá mi jókòó ni ọ̀rẹ́ mi télọ̀. Òun ló ń rán aṣọ ìjókòó fún gbogbo ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà Jankara, ìyẹn la fi gbà á sínú ẹgbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ọkọ̀. Kò tilẹ̀ mọ ọkọ̀ wà. Lọ́jọ́ kan tí mo ní kó wá di sítíàrì mú wò, ó fà sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ̀rọ tí kì í kúrò lójú kan ni mo mọ̀ ọ́n wà ní tèmi.” Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń wí.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, a ní ká gba Ìsàlẹ̀ Èkó kọjá lọ sí Marina, ká lọ to ọkọ̀ sí etí ọ̀sà kí àwọn èèyàn lè wò wá. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ọkọ̀ kan kò gbọdọ̀ jìnnà sí èkejì, kí àlejò má baà wọ àárín wa. Oòrùn ti rẹlẹ̀ díẹ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé lápá òsì, ó ń juwọ́ sí àwọn èèyàn bí ọba.

“Wò ó bí wọ́n ṣe ń wò mí,” ó ní. “Wọ́n rò pé èmi ni mo ni ín.”

“Ṣé kí n kúkú máa pè ọ́ ní ọ̀gá ni?”

“Kí ló tún kù? Wa ọkọ̀, dírẹ́bà.”

A rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti ń rántí ẹ̀rín yẹn báyìí, ńṣe ló ń dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló rín in.

Ibi tí a ti ń yí kúrò ní òpópónà tóóró kan bọ́ sí títì ńlá ni ọwọ́ mi ti ṣẹ̀. Ọkọ̀ iwájú yà sọ́tùn-ún. Ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi, tó ti fi ọdún mẹ́jọ kọ́ apá òsì, gbé mi lọ sápá òsì. Kí n tó mọ̀, ọmọlanke kan tó kún fún irin ń bọ̀ wá pàdé imú ọkọ̀ mi. Mo fa sítíàrì, mo tẹ búrẹ́ẹ̀kì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ sì yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, níwájú mọ́sáláṣí kékeré kan. Bàbá arúgbó kan tó máa ń rán fìlà tà níbẹ̀ tẹ̀ ba, ó gbé búùtà dání, ó ń ṣe àlùwàlá. Bọ́ńpà mi kàn án ní ìdí. Kò ju bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá fi orí kan ni lọ. Bàbá ṣubú sínú gọ́tà, búùtà rẹ̀ bọ́ sábẹ́ táyà, ó sì ró gbàù bí ìbọn.

Ohùn obìnrin kan ló kọ́kọ́ dún. “Wọ́n ti pa Bàbá Onífìlà o!”

Ìwọ náà mọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Òpópónà tí èèyàn kò ju mẹ́wàá lọ níbẹ̀ á ṣàdédé bí ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa tó wà níwájú ti lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn rí ohun tó ń bọ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn padà. Mo ti yọ kọ́kọ́rọ́, mo ti sọ̀kalẹ̀ lápá ọ̀tún. Apá òsì ni gọ́tà wà, apá òsì náà ni wọ́n sì gbà dé. Ìlẹ̀kùn tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ bà ni wọ́n ṣí, ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n fà jáde. Kò sẹ́ni tó wo ibi tí sítíàrì wà. Lọ́dún náà, ẹni tó bá wà lápá òsì ni awakọ̀. Ó parí.

Ọrùn ẹ̀wù ni wọ́n fi fà á, ẹ̀wù sì ya dé ìdodo. Ìkúùkù àkọ́kọ́ bà á ní imú. Mo gbọ́ ọ, ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá fi eyín fọ́ orógbó. Ẹ̀jẹ̀ tú sára ìlẹ̀kùn. Ẹnì kan bọ́ bẹ́líìtì, ó ń fi ojú irin rẹ̀ nà án, irin náà ń wọ ẹran ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń jáde, ó tún ń wọlé. Ọ̀rẹ́ mi na ọwọ́ láti di ọmọlanke mú kó lè dìde. Ẹlòmíràn fi gìgísẹ̀ tẹ ọwọ́ náà mọ́ orí irin, ó ń lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ ata. Igbe tó ké nígbà yẹn kò jọ igbe ọkùnrin, kò sì jọ ti obìnrin.

“Èmi kọ́ ni mo wà á!” ló ń pariwo. “Ẹ dákun, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́!”

“Gbogbo yín lẹ máa ń wí bẹ́ẹ̀!”

“Àbí iwin ló wà á? Olóṣì! Ọkọ̀ ló wa ara rẹ̀, àbí?”

Gìrìpá káfíńtà kan ti gbé pákó sókè. Láàárín ẹsẹ̀ wọn, ọ̀rẹ́ mi rí mi. Ojú kan ti wú pa, èkejì ló fi rí mi.

“Ọ̀rẹ́! Sọ fún wọn! Sọ fún wọn pé ìwọ ni!”

Ariwo náà dá. Mo fẹ́ kó o gbọ́ èyí dáadáa, torí mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ariwo dá kẹ́kẹ́. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń hó nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi. Káfíńtà náà yíjú sí mi, pákó ṣì wà lókè.

“Ṣé ìwọ lo wà á?”

Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ìkúùkù mi, eyín rẹ̀ ń gé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Mo wo pákó yẹn. Ìṣó méjì yọ orí lára rẹ̀.

Mo ní, “Èmi kọ́. Mo kàn bá a jókòó ni.”

Wọ́n wá ní ẹ̀sùn kejì lọ́wọ́. “Ó tún fẹ́ parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ!” Pákó sọ̀kalẹ̀ lé e léjìká. Ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rẹ́ mi kò ké mọ́, ara rẹ̀ ló kàn ń ta bí ẹja tí wọ́n jù sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ fa bẹntiróòlù jáde nínú táńkì. Mo gbọ́ ọ. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo sì dúró.

Bàbá Onífìlà fúnra rẹ̀ ló gbà á là. Ó ti gun òkè láti inú gọ́tà, ẹrẹ̀ mù ún dé àyà, orí rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ó sì ń fi búùtà tó ti pẹlẹbẹ lu àwọn èèyàn lẹ́yìn.

“Ta ló kú? Mo ní ta ló kú níbí? Ṣé òkú ń lu èèyàn ni?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká—”

“Ẹ jẹ́ ká kí ni? Eegun kan ò yẹ̀ lára mi! Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe àlùwàlá ni? Ẹ kúrò lórí ọmọ yìí!”

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọ̀rẹ́ mi, ó na ẹsẹ̀, ó ní ẹni tó bá tún fẹ́ lù ú kó ti ara òun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tú ká díẹ̀díẹ̀, ojú ń ti àwọn kan. Káfíńtà náà gbé pákó rẹ̀ lé èjìká, ó wò mí tàánútàánú, ó ní, “Ìwọ náà, máa yan ọ̀rẹ́ dáadáa.” Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Èmi àti bàbá la jọ gbé ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí a tẹ́ ẹ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, bàbá bẹ orí wo iwájú ọkọ̀. Ó wo sítíàrì. Ó wò mí. Mo ń retí kó ké sí àwọn èèyàn padà. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: “Bọ́ sí ìjókòó rẹ, kó o gbé e lọ sí ọsibítù.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Èjìká rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n ìka méjì kò nà mọ́, ó ní láti tún kọ́ bí a ṣe ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé oúnjẹ lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń múra ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, tí mo sì ń gbé e padà sílé. Kò bi mí léèrè. Mo ta ọkọ̀ náà, n kò bá ẹgbẹ́ ṣe mọ́.

Ohun tí n kò rò ni pé á sọ ọ́ di ìtàn ẹ̀rín. Bí èèyàn mẹ́ta bá ti jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀, á ní, “Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe lù mí nítorí ọkọ̀ tí n kò mọ̀ ọ́n wà!” Ó mọ ìtàn pa. Á fi ohùn obìnrin ké pé wọ́n ti pa Bàbá Onífìlà, á fi ohùn bàbá béèrè bóyá òkú ń lu èèyàn, gbogbo ilé á máa fi ọwọ́ di ikùn mú. Ibì kan wà tó máa ń fò. Láti orí bẹ́líìtì àti ọmọlanke, ó ń bọ́ sórí bàbá ni tààrà. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo sì máa ń dúró de ibẹ̀, bí ẹni tí eyín ń dùn ṣe ń dúró de omi tútù.

Ogún ọdún ó lé kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní pálọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ àbíkẹ́yìn gbọ́ ìtàn náà tán, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹni tó wa ọkọ̀ ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò ní kó sọ fún wọn?”

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Mo ní kó sọ. Ariwo ló pọ̀, kò gbọ́ mi.”

Ẹnu mi là kí n tó mọ̀. “Mo gbọ́.”

“O ò gbọ́.” Kò gbé ohùn sókè. Kò tilẹ̀ wò mí. “Èmi ni mo wà nílẹ̀, èmi ni mo mọ bí ariwo náà ṣe pọ̀ tó. Ìwọ ọmọ yìí, lọ bá wa bu omi wá.”

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé nítorí tèmi ló ṣe ń fo ibẹ̀, kí ojú má baà tì mí. Ọjọ́ náà ló yé mi pé òun gan-an ló fi irọ́ ariwo yẹn ṣe ilé gbé. Ẹni tí ariwo kò jẹ́ kó gbọ́, èèyàn ṣì lè bá a jẹun, ó lè bá a ṣọ̀rẹ́ títí di ogbó. Orí ariwo tí kò sí yẹn ló kọ́ gbogbo ogún ọdún wa lé. Bí mo bá jẹ́wọ́, èmi ni ara á tù. Òun ni ilé á wó lù. Ọmọ náà gbé omi dé, bàbá rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ gbé e fún mi. Mo gbà á, mo mu ún, mo sì dákẹ́ bó ṣe fẹ́ kí n dákẹ́.