Ọmọ Tí Mo Fi Ẹnu Fún Àbúrò Mi

Kí n tó gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ní Berlin, mo rò pé mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gun ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ kan láti Veddel, níbi tí à ń gbé ní Hamburg, lọ sí ilé ìkẹ́rù kan ní Billbrook tí mo ti ń di ẹrù sínú páálí. Afẹ́fẹ́ odò máa ń dojú kọ mí tí mo bá ń lọ, ó tún máa ń dojú kọ mí tí mo bá ń bọ̀, bíi pé èmi nìkan ló mọ̀ nílùú. Itan mi le bí igi. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi obìnrin sọ lórí fóònù pé òun fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ oníbátìrì mú mi wo ìlú, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní ta ló fẹ́ máa tì mí lẹ́yìn, ṣé arúgbó ni mí ni?

Àbúrò mi yìí ni wọ́n bí tẹ̀lé mi. Ó wá kàwé ní Berlin, ó kàwé tán, ó fẹ́ ọmọ Èkìtì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Alexanderplatz tí wọ́n ti ń háyà kẹ̀kẹ́ fún àlejò. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nígbà náà ni, àwọn tó ní in kò tíì pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣáájú àwọn àlejò tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó máa sọ ìtàn àwọn ilé àtijọ́ fún wọn. Ìyẹn ni pé wọ́n ń sanwó fún un kó lè máa gba atẹ́gùn. Èmi ń gbé páálí, òun ń gba atẹ́gùn, ìyá kan náà ló bí wa. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n má jowú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí iṣẹ́ ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí. Tìtorí ọmọ ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ́dún yẹn. Bàbá rẹ̀ ti lọ sí London láti ìgbà tí kò tíì dá rìn, kò sì wẹ̀yìn wò. Èmi àti ẹ̀ náà ló kù. Láti ìkókó ni mo ti ń bá a sọ Yorùbá, èdè Jámánì ló fi ń dá mi lóhùn. Mo bínú, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi súìtì tàn án; "Ja, Mama" náà ni mo ń gbọ́. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, wọn ò fún mi láyè ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, mo bá fi í ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Sátidé tó kẹ́yìn ìsinmi náà ni mo lọ mú un.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan níbí, kí ẹ má baà dá àbúrò mi lẹ́bi. Ní ọdún méjì ṣáájú, oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a ní ọsibítù. Ó kọjú sí ògiri. Kí lèèyàn ń sọ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀? Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Dákẹ́, jàre. Ṣé o rí ọmọ mi yẹn, ọmọ rẹ ni. Mo fún ọ. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó." Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń wá ọmọ. À ń sọ ọ́ kí omijé lè dá ni. Kò sẹ́ni tó ń wá gba ọmọ náà lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù náà láàárọ̀ Sátidé yẹn, ọmọ mi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dúdú sí i, ó sanra díẹ̀, wọ́n sì dirun fún un, dídì tó dáa ju gbogbo èyí tí mo ti dì fún un rí lọ. Ó dì mọ́ mi. Ó dì mọ́ mi dáadáa, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe fi mí sílẹ̀, ó yíjú sí àbúrò mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n lọ mú akoto wá fún Mama?"

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. Yorùbá ni, ó sì já gaara.

"Ta ló ń sọ Yorùbá yẹn?" ni mo bi í.

Ojú tì í. Ó fi èdè Jámánì kùn nǹkan kan, ó sì sá wọlé lọ mú akoto.

"Ẹ fi í sílẹ̀, sister mi," àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín. "A máa ń gist tí mo bá ń dáná. Ó ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, kò kàn sẹ́ni tó jókòó tì í ni."

Kò sẹ́ni tó jókòó tì í. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀. Kò ní i lọ́kàn láti bú mi, èyí gan-an ló jẹ́ kó dùn mí.

Àwa mẹ́fà la gbéra: àbúrò mi níwájú, ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tọkọtaya arúgbó kan láti ìlú Ọba, ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, àti èmi lẹ́yìn pátápátá. Bí mo ṣe tẹ pẹ́dà báyìí, kẹ̀kẹ́ náà fò síwájú bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Mo ké "Jésù!" Ìyá arúgbó náà bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Kò pẹ́ tó fi mọ́ mi lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dùn. Ó dùn débi pé inú bí mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bá afẹ́fẹ́ jìjàkadì, àwọn kan wà láyé tí ẹ̀rọ ń bá tẹ pẹ́dà!

A gba àdúgbò Nikolaiviertel kọjá, níbi tí títì olókùúta ti ń gbọ̀n wá jìgìjìgì, a gun afárá lọ sí erékùṣù tí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà, tí ojú ọta ìbọn ṣì wà lára òpó wọn. Àbúrò mi á dúró, á fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, á máa sọ̀rọ̀: ọba tó kọ́ èyí, bọ́ǹbù tó wó tọ̀hún. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Tó bá gbàgbé ọdún kan, ọmọ mi á sọ ọ́ sí i létí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ó ti mọ ìtàn náà lórí. Wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ohun tí mi ò mọ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń lọ: ejìká kan náà, bí wọ́n ṣe ń gbé orí kan náà. Ìdílé wa ló ni ejìká yẹn, èmi náà ní in, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ejìká ẹni tó wà lẹ́yìn?

Ní iwájú Ẹnubodè Brandenburg, a dúró kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ìyá arúgbó náà fọwọ́ kan àbúrò mi lápá, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé ọmọbìnrin rẹ̀ yìí mà rẹwà o, pé ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ló ní. Mo dúró kí àbúrò mi sọ pé rárá, ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn yẹn.

"Thank you, ma," ni àbúrò mi wí.

Ó kàn wí bẹ́ẹ̀, ó sì fa okùn akoto ọmọ mi le lábẹ́ àgbọ̀n. Ọmọ mi náà ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Lọ́jọ́ yẹn mo mọ ibi tí ẹran náà ń lọ. Mo tẹ bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ dé ibi tó lágbára jù, mo gba àárín wọn kọjá, mo gba abẹ́ ẹnubodè náà, ó di inú Tiergarten, ọgbà onígi ńlá tó wà lódìkejì. Igi ń sá kọjá lọ́tùn-ún lósì. "Mama! Warte!" ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn, pé kí n dúró. Mi ò dúró. Inú mi ń dùn pé wọ́n ń lé mi. Ẹ rò ó wò, obìnrin ọlọ́dún méjìlélógójì! Mo yà sí ọ̀nà kan báyìí, àṣé yanrìn ni; táyà rì, kẹ̀kẹ́ ṣubú, mo sì jókòó sílẹ̀ gbì bí àpò ìrẹsì. Kẹ̀kẹ́ náà dùbúlẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. Ó wúwo bí ọlọ, mi ò lè tì í kúrò.

Àwọn méjèèjì ló wá bá mi. Àbúrò mi ti ní kí àwọn àlejò rẹ̀ dúró de òun lẹ́nu ọgbà.

"Sister mi, ṣé ẹ ò fara pa?"

"Ta ni ọmọ rẹ?" ni mo fi dá a lóhùn. "Mo ní ta ni ọmọ rẹ, tí o ń ṣe thank you, thank you lórí ẹ̀?"

Ó gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó gbọn yanrìn kúrò lára mi. "Mo ti fẹ́ bá yín sọ ọ́ tá a bá délé," ló wí. "A ti wo school kan ní Wedding. Wọ́n ní àyè wà. Sister mi, ẹ̀yin náà mọ shift yín. Ó sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ míì wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń jẹun lójoojúmọ́. Mo ní kó dúró tì mí fún ọdún kan, ká wò ó ná."

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà." Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Ní ọsibítù. Ẹ ní ẹ fún mi."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo sọ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn? Ọdún méjì ló ti gbé e sáyà, tó ń fi í sùn, tó ń fi í jí. Èmi tí mo sọ ọ́, mo ti gbàgbé rẹ̀ kí n tó dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìgbà yẹn ni ọmọ mi sọ̀rọ̀, ní Yorùbá, tó ń ṣa ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Mama, ẹ má bínú sí Àǹtí. Èmi ni mo... èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ dúró."

Gbólóhùn Yorùbá àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láyé rẹ̀ nìyẹn, ó sì fi tọrọ ààyè láti fi mí sílẹ̀. Ìyá tó gbọ́n ì bá rò ó dáadáa. Ohun tí èmi gbọ́ ni pé wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n tún fi èdè mi gbà á.

"Mi ò fún ẹnikẹ́ni lọ́mọ," ni mo wí. "Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ, kó lọ bí tiẹ̀."

Ẹyin lohùn. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Ọmọ mi bo ẹnu. Àbúrò mi kúnlẹ̀ sórí yanrìn náà, lójú gbogbo àwọn Òyìnbó tó ń gbafẹ́ kọjá, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi." Òun ló tún ń bẹ̀ mí! Lẹ́yìn náà ó dìde, ó nu ojú, ó ní àwọn àlejò òun ń dúró. Ó padà lọ parí iṣẹ́ rẹ̀. Látòkèèrè ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, tó ń sọ fún wọn bí àwọn ọba ṣe máa ń ṣọdẹ nínú ọgbà náà láyé àtijọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó sin wá dé ibùdókọ̀, ó fún wa ní mọ́ínmọ́ín nínú ike. Ọmọ mi ò sunkún. Ojú fèrèsé ló ń wò títí tá a fi dé Hamburg. Mo fi Yorùbá bi í bóyá ebi ń pa á. "Nein, Mama," ló ní. Síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀. Mo ti borí. Èmi nìkan ni mo jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán.

Spätschicht ni mo ní lọ́sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ọ̀sán di alẹ́. Ọmọ mi á ti lọ sílé ìwé kí n tó jí. Kó tó padà dé, mo ti wà lójú ọ̀nà Billbrook. Tí mo bá sì fi máa délé, ó ti sùn. Mọ́ńdè lọ bẹ́ẹ̀, Túsìdè lọ bẹ́ẹ̀. Ní Fúráìdè, mo jí ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ti fọ abọ́ kan tó fi jẹun, ó dà á dé. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì yé mi pé láti ọjọ́ Àìkú, èmi àti ọmọ tí mo já gbà lọ́wọ́ àbúrò mi kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ kan.

Fóònù dún. Àbúrò mi ni.

"Ẹ káàárọ̀, sister mi," ló wí. Ohùn rẹ̀ ń bẹ̀rù mi díẹ̀. "Mo ní kí n kí yín ni. Ọmọ yín ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le? Ṣé inú rẹ̀ dùn sí school?"

"Ara rẹ̀ le," ni mo wí. "Inú rẹ̀ ń dùn."

Mi ò mọ̀.