Ìran tí Ìyèbíyè Kà Nínú Ìwé Ìròyìn

Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí Ìyèbíyè. Olùkọ́ ni nílé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1988, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ló rí, ní ilé sinimá kan ní Woolwich. Òwúrọ̀ ló máa ń ṣe é. Bó bá ti gbá gúgúrú kúrò nílẹ̀, tó kó ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò dànù, yóò jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn, yóò ṣí ìwé ìròyìn tí àwọn òǹwòran gbàgbé sórí àga, yóò sì fi bírò pupa fàlà sídìí gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ nípa fíìmù.

Ẹni tó fẹ́ràn ètò ni. Ní fúláàtì rẹ̀ ní Thamesmead, ó ní àwọn káàdì kéékèèké tó ń kọ orúkọ fíìmù sí: èyí tí ọmọdé lè wò, èyí tí èébú pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí tọkọtaya kò gbọdọ̀ wò níwájú ìyá ọkọ. Àwọn ará ìjọ rẹ̀, ìjọ Aládùúrà tó ń pàdé nínú ilé ìkẹ́rùsí kan létí odò, kì í yá fídíò lọ́jọ́ Sátidé láì kọ́kọ́ bi í.

"Sister, èyí tí ẹ ní ká wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, Daddy wa nílé sunkún o," ni Brother Obed wí lọ́jọ́ kan. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ẹ wá èyí tó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Òtútù ìlú yìí ti ń pa wọ́n lẹ́kún tẹ́lẹ̀."

Obed yìí náà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní 1992, ó bi Ìyèbíyè pé àwọn wo ni yóò gba Ọ́sìkà, ẹ̀bùn fíìmù ńlá ti Amẹ́ríkà. Ìyèbíyè dárúkọ mẹ́fà, márùn-ún sì gbà á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló gbà á. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Àwọn olùdarí fíìmù máa ń yan ẹni tiwọn ṣáájú Ọ́sìkà, àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù náà máa ń yan tiwọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ń jáde lemọ́lemọ́ nínú ìwé ìròyìn, òun ló sábà máa ń gbà á nígbẹ̀yìn. Ohun tó gbà kò ju sùúrù lọ.

Ṣùgbọ́n Obed dìde lákòókò ẹ̀rí.

"Ẹ̀yin ará, mẹ́fà nínú mẹ́fà! Arábìnrin yìí kò dé Amẹ́ríkà rí. Ta ló sọ fún un?"

Ìjọ pariwo: "Ẹ̀mí ni!"

Ká ní Ìyèbíyè sọ̀rọ̀ níṣẹ́jú yẹn, ẹ̀rín ni wọn ìbá fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní ibi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀. Níbí, àwọn àgbàlagbà ń dìde kí i. Kò pẹ́ tí Wòlíì, olórí ìjọ, fi mú un jókòó sí ìlà àwọn aríran, níbi tí akọ̀wé ti ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rí sínú ìwé, kí ìjọ lè gbààwẹ̀ lé e lórí. Ohun tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára ló máa ń sọ: òun rí ìmọ́lẹ̀, òun rí omi tó mọ́.

Ìgbà náà ni Mummy Ìlérí dìde. Opó ni, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Belvedere. Ìlérí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti gba àyè ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ṣe eré nínú fíìmù kékeré kan tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ fi díje fún ẹ̀bùn àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tó bá gbà á yóò kọ́ eré ṣíṣe fún ọdún méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì yóò tó jáde.

"Sister, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ rí ti àwọn òyìnbó lókèèrè, ṣé ti ọmọ ilé yìí ló máa ṣòro?"

Kò sí ìwé ìròyìn kankan tó kọ nípa ẹ̀bùn yẹn. Ìyèbíyè mọ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ti gbé bírò, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀.

"Mo rí i lórí pèpéle," ló wí. "Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́."

Akọ̀wé kọ ọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì pé Ìlérí kò wá mọ́.

Ẹlòmíràn ló gba ẹ̀bùn náà.

Ìyèbíyè ń retí èébú. Kàkà bẹ́ẹ̀, Mummy Ìlérí, tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Sister. Ìran yín kò lè yẹ̀. Ọwọ́ mi ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá."

Ètè obìnrin náà ti gbẹ. Pẹ̀lú ebi yẹn ló ń gbé arúgbó sókè sódò ní Belvedere. Ìtìjú mú Ìyèbíyè débi pé kò lè wò ó lójú. Ọjọ́ márùn-ún ló fi bá ara rẹ̀ jà kó tó kó àwọn ìwé ìròyìn rẹ̀ sínú àpò, tó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé wọn ní Thamesmead East.

Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó fi àwọn ìlà pupa hàn wọ́n, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"Ó túmọ̀ sí pé kò sí Ẹ̀mí kankan níbẹ̀?" ni Mummy Ìlérí bi í.

"Kò sí, Mummy. Mò ń kà á ni."

"Ti Ìlérí ńkọ́? Inú ìwé wo lo ti kà á?"

"Kò sí ìwé kankan. Mo kàn sọ ọ́ ni."

Ìlérí bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Auntie, o kàn méfò ni? Èmi gan-an mọ̀ pé mi ò lè wìnì. Ọmọ tó wìnì yẹn dára jù mí lọ, mo sì sọ fún Mummy. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé, pé Sister ti rí i."

Ìyá rẹ̀ bu omi láti fi ṣínu ààwẹ̀, ó mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ife fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ó wé gèlè, ó sì kọjú sí Ìyèbíyè.

"Dìde. Wọn ò tíì ti ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. O máa bá wa lọ. Ẹnu ara rẹ lo máa fi sọ ọ́."

Ní ọ́fíìsì náà, obìnrin òyìnbó kan bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n kọ àyè náà sílẹ̀. Ìyèbíyè dúró níwájú tábìlì bí ọmọ iléèwé. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun ni òun sọ fún wọn pé Ọlọ́run fi hàn òun, àti pé Ọlọ́run kò fi nǹkan kan hàn òun. Obìnrin náà rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú Mummy Ìlérí, ó sì rọra gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àyè ti oṣù kẹsàn-án ti kún. Òun yóò kọ orúkọ Ìlérí sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí. Kò sẹ́ni tó tún bi Ìyèbíyè ní nǹkan kan. Síbẹ̀ kò mọ bí òun yóò ṣe kúrò lójú kan náà.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, Mummy Ìlérí jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọlé ṣáájú, ó sì yíjú padà.

"Lọ́jọ́ Àìkú, kí n má bá ọ ní ìlà àwọn aríran."

"Ẹ ò ní bá mi níbẹ̀, Mummy. Màá sọ fún Wòlíì fúnra mi."

"Ó dáa. Àwa á wọ èyí. Ìwọ, dúró de òmíràn."

Ìyèbíyè fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì náà. Àyè pọ̀ nínú rẹ̀.