Mọ́tò Tí Bàbá Mi Kùn Nítorí Àna

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé yàrá kan ní Mafoluku, owó epo ti wọ̀lú, gbogbo ẹni tó bá ti ríṣẹ́ ṣe ló ń wá mọ́tò. Bàbá mi náà ra àlòkù kan. Háà, bàbá mi fẹ́ràn mọ́tò yẹn! Láàárọ̀, kó tó dá wa lóhùn, yóò ti lọ nù ún.

Ìgbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ láti Ìkirè pé ara ìyá ìyá mi ò yá, pé ó ń béèrè ìyá mi. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni. Ìyá mi ní òun á wọ ọkọ̀ èrò lọ. Bàbá mi ní rárá o, kí wọ́n má baà sọ nílé àna pé òun ní mọ́tò, ìyàwó òun ń wọ ọkọ̀ èrò. Ara mọ́tò sì ti dípẹtà, ó ní kò ṣeé gbé dé ọ̀dọ̀ àna bẹ́ẹ̀. Ló bá gbé e fún pẹ́ńtà kan ní Ìsọlọ̀. Ẹ wá wo ọ̀dà! Títí kan irin inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kùn.

Ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, mọ́tò kọ̀, kò jí. A pe rewáyà wá láti Òṣòdì. Ó ní kọ́ìlì ni, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tú àwọn wáyà rẹ̀, ó tún wọn so. Bó bá ti so wọ́n tán, á yọ wáyà ńlá tó wà lórí rẹ̀, á gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, á pariwo pé, "Mà, ẹ yí i!" Ìyá mi tó jókòó sínú mọ́tò, tó gbé ẹrù lé itan, á yí kọ́kọ́rọ́. Iná a ta díẹ̀, pupa rúsúrúsú.

"Iná yìí ò lágbára o."

A sùn, a jí, a tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ò kúrò nínú mọ́tò àfi bí ilẹ̀ bá ṣú.

Nígbà tó yá, rewáyà tọ wáyà tó so bátìrì mọ́ ara mọ́tò, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ó tú u. Orí ọ̀dà ni pẹ́ńtà dè é mọ́, kò kan irin dáadáa! Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà títí irin fi funfun, ó dè é padà. "Mà, ẹ yí i!" Tá! Iná aláwọ̀ aró ta. Bàbá mi ń fò sókè. Ìyá mi kàn ní, "Ṣé a lè máa lọ báyìí?"

A dé Ìkirè, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ti sin ìyá ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn ọmọ adúgbò yí mọ́tò ká, wọ́n ń wo ojú ara wọn lára ọ̀dà. Ìyá mi wò wọ́n títí, ó yíjú sí bàbá mi.

"Mọ́tò yín dán o, Bàbá wọn."



Lónìí, ẹ̀rọ ni wọ́n ń kì bọ mọ́tò, á sì sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ lè rí ojú ìyá yín lórí fóònù láti ibikíbi. Ayé ti dẹrùn, mo gbà. Àmọ́ ó máa ń rẹ̀ mí, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń sọ pé ẹ ó wá kí mi tí ẹ bá ti ra mọ́tò tó dáa. Ta ló béèrè mọ́tò lọ́wọ́ yín? Ẹ wọ ọkọ̀ èrò wá.